Bí 504 Bá Ń Kú Lórí Òkè: Ẹ Tọ Ipa Epo Láti Táńkì, Ẹ Fi Kabúrétọ̀ Sílẹ̀ Ná

Òkè Ìgbẹ̀in ní Abẹ́òkúta ni mọ́tò bàbá mi, Peugeot 504, ti máa ń dójú tì mí. Láti ilé títí dé Kútọ̀, kò sí wàhálà, ẹ́ńjìnnì á máa kùn bí oyin. Ẹ jẹ́ kí n wá dojú kọ òkè, kí n fi í sí jíà kejì, kí n tẹná. Á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń wọ́ lọ sọ́jà, á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á kú. Àwọn ọlọ́kadà á máa gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n á ní, "Dádì, ẹ tà á!" Tí mo bá rọra jẹ́ kí ó yí padà dé ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí mo sinmi díẹ̀, á tún ṣíná bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi bá a fà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tú kabúrétọ̀ rẹ̀, ohun tí ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sanwó iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mọ́tò tún kú sí ojú kan náà. Kabúrétọ̀ ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀. Ohun tí ó ń pa á kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ, ẹ̀yìn mọ́tò ló sì wà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò wò. Màá sọ ọ́ tí a bá dé ibẹ̀.

Ọdún 1968 ni Peugeot 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ó di 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kaduna, ó sì di mọ́tò dókítà, mọ́tò ọ̀gá iléèwé, mọ́tò ìjọba. Èyí tí ó gùn lẹ́yìn ló ń kó èrò láti gáréèjì kan sí òmíràn. Èyí tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni oní-kabúrétọ̀, tí pọ́ǹpù epo rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì, tí kámúṣáfúùtì, ọ̀pá kan nínú ẹ́ńjìnnì, ń tì í bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí. Àwọn 504 kan wà tí wọ́n jẹ́ oní-injection, tí wọn kì í lo kabúrétọ̀, wàhálà tiwọn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní Datsun àtijọ́ tàbí Ìjàpá (Volkswagen Beetle), ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, àfi pé ti Ìjàpá, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, táńkì wà níwájú, nítorí náà òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á pààrọ̀ iṣẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan

Epo bẹntiróò ni a fẹ́ fọwọ́ kàn, kì í ṣe epo pupa. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kí ẹ tú wáyà nẹ́gátíìfù bátìrì kúrò, àfi ìgbà tí àyẹ̀wò bá fẹ́ iná. Kò sí sìgá, kò sí àtùpà, kò sí jẹnẹrétọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ nítòsí. Ẹ gbé ẹ̀rọ apaná kékeré síbi tí ọwọ́ tó o. Tí kò bá sí, ẹ wá iyanrìn gbígbẹ sínú garawa. Omi kì í pa iná epo, ó ń gbé e kiri ni.

Ẹ má fi ẹnu fa epo. Mo mọ̀ pé gbogbo wa ti ṣe é rí nígbà tí epo wọ́n, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí ó bá yà sí ẹ̀dọ̀fóró lè sọ ènìyàn di aláìsàn gidi. Tí ẹnìkan bá sì gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa kí ó lè bì, bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe. Bíbì yẹn gan-an ló ń gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ṣé epo ni lóòótọ́?

Ọ̀nà tí mọ́tò gbà kú ń sọ̀rọ̀. Tí ó bá kú lójijì, bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ, ẹ kọ́kọ́ fura sí iná: kọ́ìlì, kọ́ńtáàtì, wáyà tí ó ń já tí ó tún ń so. Ọ̀dọ̀ rìwáyà, ẹni tí ń tún iná mọ́tò ṣe, ni ìyẹn ń lọ. Àìsí epo kì í pa ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà. Epo díẹ̀ ṣì wà nínú abọ́ kabúrétọ̀, ìyẹn ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí á fi fà, tí á jánu, tí á tún fẹ́ gbé e, kí ó tó dákẹ́.

Àyẹ̀wò tí ó yá jù, ojú ibi tí mọ́tò kú sí gan-an ni ẹ ti máa ṣe é. Ẹ rí gbólóhùn yìí? Òun ni mi ò mọ̀ fún oṣù mẹ́rin. Mọ́tò á kú ní Ìgbẹ̀in, màá wà á lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì á ṣí i, á bá epo nínú abọ́ fọ́fọ́, á ní epo ń dé. Dájúdájú epo á dé, mọ́tò ti sinmi, ilẹ̀ sì tẹ́jú. Ó dà bí ìgbà tí ibà ń ṣe ọmọ lóru tí a wá gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́sàn-án, tí ara rẹ̀ ti tutù.

Nítorí náà, bí ó bá ti kú, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta ti táyà, ẹ pa kọ́kọ́rọ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ ohun tí ó bo ọ̀fun kabúrétọ̀, ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ fa apá tí pẹ́dàlì ìtẹná máa ń fà, kíá, lẹ́ẹ̀kan. Ó yẹ kí epo tín-ín-rín ta jáde fíìn, bí omi ìbọn ọmọdé. Tí ó bá ta, epo wà nínú abọ́, ẹ lọ wá ẹ̀sùn yín síbòmíràn. Tí ọ̀fun bá gbẹ, epo ò dé. Tí ó bá jẹ́ pé epo ń kán wọlé fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fa nǹkan kan, àpọ̀jù ni tiyín, kì í ṣe àìtó, ẹ fò lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.

Ìkìlọ̀ méjì. Ẹ má yọjú sí ọ̀fun yẹn nígbà tí ẹlòmíràn ń yí kọ́kọ́rọ́, iná lè bú jáde bá yín lójú. Èkejì, awọ kékeré tí ń ta epo yẹn nínú kabúrétọ̀ lè ti gbó fúnra rẹ̀. Bí ọ̀fun bá gbẹ, ẹ jẹ́rìí sí i: bí ibẹ̀ bá ti tutù díẹ̀, ẹ fi àkísà yí ẹnu páìpù tí ó wọ kabúrétọ̀, ẹ tú u díẹ̀. Bí epo ò bá jáde pẹ̀lú agbára, ọ̀rọ̀ ti parí.

Púlọ́ọ̀gì náà ń jẹ́rìí. Èyí tí ó gbẹ tí ó sì funfun ń pariwo ebi. Èyí tí ó tutù tí ó ń rùn epo ti mu àmujù. Èyí tí ó dúdú bí ìdí ìkòkò ń jẹ epo ju afẹ́fẹ́ lọ.

Táńkì

Géèjì epo mọ́tò àtijọ́, ẹlẹ́rìí èké ni. Tèmi á máa tọ́ka sí ìdajì nígbà tí táńkì ti gbẹ. Ẹ rọ lítà márùn-ún sí i kí ẹ tó tú ohunkóhun. Ojú ti ti àgbà mẹkáníìkì rí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìdérí. Bí epo ṣe ń jáde nínú táńkì, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀, ọ̀nà tín-ín-rín kan sì wà fún un. Eruku pupa lè dí i, agbọ́n tí ń fi amọ̀ kọ́lé náà lè dí i. Bí ó bá dí, pọ́ǹpù á máa fà, táńkì á máa fà á padà, títí mọ́tò á fi dákẹ́ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Tí ó bá kú, ẹ sáré ṣí ìdérí. Bí ẹ bá gbọ́ fììììì, tí mọ́tò sì ṣíná lẹ́yìn náà, ẹ ti mú olè. Mo ti rí ẹni tí wọ́n jí ìdérí táńkì rẹ̀ tí ó wá fi nylon àti àkísà di ẹnu rẹ̀ pinpin. Ó pààrọ̀ pọ́ǹpù, ó pààrọ̀ kọ́ìlì, nylon ló yẹ kí ó pààrọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi àti ìdọ̀tí wá nìyí. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ta ló tún ń rọ epo kún táńkì? Lítà márùn-ún lónìí, mẹ́wàá lọ́tùn-ún-la. Mọ́tò ń gbé lórí ìsàlẹ̀ táńkì nígbà gbogbo, ìsàlẹ̀ náà sì ni ìpẹtà àti omi ń gbé. Àyè tí ó ṣófo lókè ń gba afẹ́fẹ́ tútù, afẹ́fẹ́ ń di ìrì lóru, ìrì ń sọ irin di ìpẹtà. Epo inú kẹ́ẹ̀gì tí a ń rà lẹ́bàá ọ̀nà nígbà ọ̀wọ́n ń fi tirẹ̀ kún un.

Ẹ gba epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táńkì sínú ìgò gíláàsì tí ó mọ́ gaara. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ má mì ín. Omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà á sọ̀ kalẹ̀, á sì pa ààlà, ẹ ó rí i ní ìdí ìgò bí funfun ẹyin. Ìpẹtà á dà bí èérún àlùbọ́sà gbígbẹ, á pupa rúsúrúsú. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ gbẹ́ gbogbo epo yẹn jáde kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ohun mìíràn, torí fílítà tuntun tí ẹ bá fi sí i kò ní pẹ́ dí.

Ṣùgbọ́n ìgò yẹn kì í ṣe gbogbo ẹ̀rí. Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí. Methanol ń bá omi dọ́rẹ̀ẹ́, ó sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́, ó ń mú kí ó wú, kí ó rọ̀. Rọ́bà tí wọ́n ṣe ní 1980 kò mọ irú epo bẹ́ẹ̀ rí.

Bí táńkì bá jò tí ẹ fẹ́ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ wẹ́dà, ẹ dúró ná. Táńkì tí ó ṣófo léwu ju èyí tí ó kún lọ. Òórùn epo tí ó kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàmù, kì í ṣe epo gan-an. Fífi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kò tó. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ táńkì ni kí ẹ wá, tàbí kí ẹ ra òmíràn lọ́wọ́ àwọn tí ń ta tòkunbọ̀.

Páìpù àti họ́ọ̀sì: ibi tí tèmi wà

Ní ọjọ́ kan mo gbé mọ́tò náà lọ bá bàbá àgbà kan tí ó ń tún mọ́tò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lafenwa. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn kabúrétọ̀ mi. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Tíṣà, ṣé bí ẹ bá ń gòkè ni, àbí bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀?"

"Bí mo bá ń gòkè ni, Bàbá. Gbogbo ìgbà."

"Kabúrétọ̀ ò mọ òkè yàtọ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Pọ́ǹpù ló mọ̀ ọ́n."

Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ báyìí. Táńkì 504 wà lẹ́yìn, pọ́ǹpù wà níwájú. Bí mọ́tò bá dojú kọ òkè, iwájú gbé sókè, ẹ̀yìn rẹlẹ̀, nítorí náà pọ́ǹpù ní láti fa epo láti ibi tí ó jìn sí i nísàlẹ̀. Ní àkókò kan náà ni ẹ́ńjìnnì ń béèrè epo púpọ̀ jù lọ, torí ẹ ti tẹná mọ́lẹ̀. Àléébù kékeré tí kò hàn lójú títì gbọọrọ Ṣàgámù á hàn ní Ìgbẹ̀in. Ìlú olókùúta tí a wà yìí, ó ń yẹ pọ́ǹpù wò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀nà epo ní apá méjì. Láti táńkì dé pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ń fà. Láti pọ́ǹpù dé kabúrétọ̀, pọ́ǹpù ń tì. Bí họ́ọ̀sì bá là ní apá tí ó ń tì, epo á kán sílẹ̀, ẹ ó rí i, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá là ní apá tí ó ń fà, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ò ní rí ẹ̀kán kan. Afẹ́fẹ́ ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Pọ́ǹpù á wá máa mu afẹ́fẹ́ mọ́ epo, bí ọmọ tí ó ń fi sítírọ́ọ̀ tí ó ti là mu kóòkì. Nítorí náà, "kò jò" kì í ṣe ẹ̀rí pé họ́ọ̀sì dára.

Bàbá náà wọ abẹ́ mọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀yìn, wọ́n jáde pẹ̀lú họ́ọ̀sì rọ́bà tí ó so táńkì pọ̀ mọ́ páìpù irin. Mo wò ó, ojú rẹ̀ dán, kò sí ohun tí ó ṣe é. Wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ká a lọ́rùn. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ là bí gìgísẹ̀ tí ó sán nínú ọyẹ́, ìlà wẹ́wẹ́, mẹ́jọ, mẹ́wàá, ọ̀kan nínú wọn sì jìn dé inú. Bí wọ́n ti jọ̀wọ́ rẹ̀, àwọn ìlà náà padé, ojú rẹ̀ tún dán.

"Ṣé epo lẹ̀ ń rà ni, Tíṣà, àbí afẹ́fẹ́?"

Bí ẹ ṣe máa yẹ tiyín wò nìyí. Ẹ wọ abẹ́ mọ́tò nígbà tí ó bá dúró lórí ìdúró irin tó dájú, kì í ṣe lórí jáàkì nìkan. Ẹ fọwọ́ ká gbogbo rọ́bà, ẹ má fi ojú nìkan wò ó. Èyí tí ó bá là, èyí tí ó le bí igi, èyí tí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, gbogbo wọn ń lọ. Ẹ wo inú rẹ̀ náà: họ́ọ̀sì àtijọ́ lè wú nínú títí ihò rẹ̀ á fi dí, nígbà tí ara rẹ̀ níta ṣì dára. Họ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún epo bẹntiróò ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n fi ń fa omi, tàbí èyí tí ó mọ́ gaara bíi ti àwọn tí ń ta kẹ́míkà, á le koko láàárín oṣù díẹ̀. Kílíìpù tuntun ni kí ẹ fi dè é, ẹ má fi wáyà fún un lọ́rùn. Wáyà ń gé rọ́bà.

Fún páìpù irin tí ó gba abẹ́ mọ́tò kọjá, ẹ tú u kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù, ẹ ṣí ìdérí táńkì, ẹ fi pọ́ǹpù ẹsẹ̀ tí a fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sí táńkì, jẹ́jẹ́. Kí ẹnìkan tẹ́tí lẹ́nu táńkì. Bí ó bá gbọ́ gbọ̀gbọ̀gbọ̀, ọ̀nà là. Bí ó bá ṣòro láti fẹ́, ìdọ̀tí ti dí i, tàbí òkúta ti tẹ páìpù pẹlẹbẹ, èyí tí kì í ṣe ohun tuntun lójú títì wa. Ẹ má gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ fọ́kànáísà kí ó fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, agbára yẹn lè já ohun tí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú pọ́ǹpù epo kọjá láé.

Àyẹ̀wò kan wà tí ó ń dá ẹjọ́ kíákíá. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré tí epo mímọ́ wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, jìnnà sí sàlẹ́ńsà. Ẹ so họ́ọ̀sì tuntun láti inú rẹ̀ mọ́ ẹnu pọ́ǹpù tí ó ń fà, ẹ ṣíná. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá ń ṣiṣẹ́ geerege, tí ẹ tẹná tẹná tí kò húkọ́, gbogbo ohun tí ó wà láti pọ́ǹpù síwájú ti bọ́ nínú ẹjọ́. Ẹ padà sẹ́yìn. Bí kò bá yàtọ̀, ẹ tẹ̀ síwájú. Ìdúró lójú kan ni kí ẹ ti ṣe é. Mo ti rí àwọn tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì ń wa mọ́tò lọ sílé. Iná inú ilé ìdáná ló kù kí wọ́n gbé sí i.

Fílítà

Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò wọ́n. Ẹ wo ọfà tí ó wà lára rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀nà tí epo ń lọ. Bí ẹ bá rí i pé epo ò kún inú rẹ̀ tán, ẹ má bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Ohun tí ẹ kò fẹ́ ni pé kí ọ̀wọ́ afẹ́fẹ́ máa sáré gba inú rẹ̀ kọjá láìdáwọ́ dúró. Ìyẹn tún ń tọ́ka sí họ́ọ̀sì.

Pọ́ǹpù

Nínú rẹ̀, awọ rọ́bà kan ni a tẹ́ bí awọ ìlù, tí ọ̀pá kan ń fà wálẹ̀ tí sípíríǹgì sì ń tì padà. Ẹnu ọ̀nà kékeré méjì wà, ọ̀kan ń ṣí fún ìwọlé, ọ̀kan fún ìjáde. Ohun tí ó lè ṣe é kò pọ̀: awọ lè ya, ẹnu ọ̀nà lè há, ọ̀pá lè jẹ.

Ẹ tú páìpù kúrò lára kabúrétọ̀, ẹ kì í bọ ẹnu ìgò. Ẹ tú wáyà kékeré lára kọ́ìlì kí iná má baà wà. Kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ kí sítátà má baà gbóná. Epo ò ní ṣàn bí omi ẹ̀rọ, ó máa ń tú ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, pùú, pùú, pùú, ẹ̀ẹ̀kan fún gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ń tú pẹ̀lú agbára, ó dára. Bí ó bá ń kán, tàbí tí ìfóòfó pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi ìka di ẹnu tí ó ń fà nígbà tí wọ́n bá tún yí kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá fa ìka yín, pọ́ǹpù le, ẹ̀yìn ló ti ń mu afẹ́fẹ́. Bí kò bá fa nǹkan kan, òun gan-an ni.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn epo bẹntiróò, tí ọ́ìlì sì ga ju bí ẹ ti rọ ọ́ lọ, awọ pọ́ǹpù ti ya, ó ń da epo sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ pa á, ẹ má tún ṣíná títí ẹ ó fi pààrọ̀ pọ́ǹpù àti ọ́ìlì pọ̀. Ọ́ìlì tí ó ti fọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè gba irin lọ́wọ́ irin mọ́, òórùn epo tí ó kó jọ sínú ẹ́ńjìnnì sì lè gbiná.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á ní kí ẹ ju pọ́ǹpù yìí nù, kí ẹ fi oníná sí i. Mi ò lòdì sí i, ṣùgbọ́n ẹ béèrè pé inú mọ́tò wo ni ó ti wá. Fọ́kànáísà ń fi afẹ́fẹ́ bí 30 lórí ìwọ̀n psi sí táyà yín. Kabúrétọ̀ irú èyí kò fẹ́ ju nǹkan bí 3 tàbí 4 lọ lórí ìwọ̀n kan náà. Pọ́ǹpù tí wọ́n yọ nínú mọ́tò injection ń tì ju ti táyà lọ. Á ti abẹ́rẹ́ ṣí, á da epo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Bí ẹ bá máa fi oníná sí i, kí ó jẹ́ ti kabúrétọ̀, kí rìwáyà sì so ó ní ọ̀nà tí á fi kú bí ẹ́ńjìnnì bá kú.

Bí oòrùn bá mú

Àìsàn kan wà tí ó jọ gbogbo èyí tí a ti kà. Lọ́sàn-án oṣù Kẹta, sún kẹẹrẹ mú yín ní Panseke, ẹ́ńjìnnì gbóná, mọ́tò kú. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tún ṣíná. Apá tí ó fúyẹ́ jù nínú epo bẹntiróò lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní nǹkan bí 35 sí 40 lórí ìwọ̀n Celsius, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Epo tí ó hó di ooru, pọ́ǹpù ò sì lè ti ooru.

Kọ́ìlì tí ó ń kú náà máa ń ṣe báyìí gẹ́lẹ́. Ohun tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àyẹ̀wò ọ̀fun kabúrétọ̀ tí mo ti sọ: bí epo bá ta jáde, kọ́ìlì lẹ ó wò. Bí ó bá gbẹ, ẹ fi àkísà tútù bo pọ́ǹpù àti páìpù rẹ̀. Ẹ má da omi sórí irin sàlẹ́ńsà, á sán. Bí mọ́tò bá ṣíná kíá lẹ́yìn àkísà, ooru ni. Àkísà kì í ṣe àtúnṣe o, ẹlẹ́rìí lásán ni. Àtúnṣe ni kí ẹ gbé páìpù jìnnà sí sàlẹ́ńsà, kí ẹ sì wò ó bóyá pákó dúdú tí ó nípọn tí ó máa ń wà lábẹ́ kabúrétọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn kan ti yọ ọ́ dànù, wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì bébà rọ́pò rẹ̀.

Kabúrétọ̀, nígbẹ̀yìn gbẹ́yín

Bí epo bá ń dé ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú agbára, tí iná dára, tí mọ́tò ṣì ń húkọ́, ó kan òun wàyí. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ láti gbogbo ìhà kí ẹ tó tú síkúrúù kan. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sínú tíréè, torí jẹ́ẹ̀tì kan (idẹ kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá) tí ó bá bọ́ sínú iyanrìn wọ́kíṣọ́ọ̀bù ti lọ nìyẹn.

Ẹ wo abẹ́rẹ́ tí ń dí ẹnu ọ̀nà epo. Bí orí rẹ̀ bá ti ní ojú òrùka, kò lè dí mọ́, òun ló ń fa àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹ mú fúlótì, ohun tí ń léfòó lórí epo inú abọ́, ẹ mì ín létí. Bí epo bá ń dún nínú rẹ̀, ó ti lu, á máa rì dípò kí ó léfòó. Ti idẹ, ẹ tì í sínú omi gbígbóná, ibi tí ó bá ti ń yọ ìfóòfó ni ihò rẹ̀ wà.

Jẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi wáyà tàbí abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un. Idẹ rọ̀, wọ́n sì ti wọn ihò yẹn bí wọ́n ti ń wọn wúrà. Ẹ fi epo fọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀: ó yẹ kí ẹ rí òbìrípo tí kò lábàwọ́n. Síkúrúù sílóò, èyí tí ń ṣètò ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ kò tẹná, kí ẹ tó tú u, ẹ kọ́kọ́ dì í wọlé jẹ́jẹ́, kí ẹ máa ka iye ìgbà tí ó yí, ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Iye yẹn ni ẹ ó dá a padà sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n tú tèmi, kò sí ẹni tí ó kà á, mo sì fi oṣù kan mu epo bí ẹni mu omi lẹ́yìn tí họ́ọ̀sì ti dára.

Nínú búùtù mi báyìí, họ́ọ̀sì epo mítà kan wà, kílíìpù mẹ́rin, fílítà kan, síkúrúdíráfà àti ìgò gíláàsì. Họ́ọ̀sì àtijọ́ yẹn náà wà níbẹ̀. Bí mẹkáníìkì kan bá ti ń nawọ́ sí kabúrétọ̀ kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀, màá yọ ọ́ fún un, màá ní kí ó ká a lọ́rùn wò.